Òkè Òkun tó Wà Láàárín Odò Kaduna

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì gbé àwòrán yẹn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú mi kì í ṣe ojú àná mọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, mo ń gbọ́ yín. Dúpẹ́ ti ìrìn àjò dé, ó kó fọ́tò bọ̀, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun háyà ọkọ̀ onígbòkun, wọ́n fi lọ sí erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, ibi tí kò sí ju àpáta, ewúrẹ́, àti ilé funfun kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó na fọ́tò sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wo ibi tí mo dé." Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Mo ti débẹ̀ rí." Ni gbogbo yín bá bú sẹ́rìn-ín. Sàmú, tó jẹ́ pé Haúsá ló fi ń dá mi lóhùn láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, kígbe pé, "Haba, Baba!"

Mo ti débẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn òbí yín. Bí n kò bá débẹ̀ ni, n kì bá tí rí ìyá yín àgbà fẹ́, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí yóò jókòó síbí tí yóò máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú Kaduna tí ẹ mọ̀ kúrò lójú. Barnawa tí a jókòó sí yìí, oko ọkà bàbà ni. Bí o bá sọ pé ò ń lọ sí Barnawa, wọn yóò bi ọ́ pé kí lo sọ nù síbẹ̀. Òdìkejì odò ni ìlú wà, ó sì tuntun débi pé àwọn igi tí wọ́n gbìn sójú títì kò tíì ga tó ọmọ ènìyàn. Gómìnà wá, ṣọ́jà tẹ̀lé e, rélùwéè dé, akọ̀wé bá rélùwéè wọlé, télọ̀ sì tẹ̀lé akọ̀wé, nítorí akọ̀wé kò lè rìn níhòòhò. Àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ ń wò wá láti inú oko wọn, bí onílé ṣe ń wo àlejò tó dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín yàrá.

Ìró ibẹ̀ ló máa ń wá sí mi létí báyìí tí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Fèrè àwọn ṣọ́jà ní ìdájí, tó máa ń jí ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà. Ìpè àdúrà láti ìhà Tudun Wada. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kì í ṣe agogo, irin ojú ọ̀nà rélùwéè kan tí wọ́n so kọ́ igi ni. Ọkọ̀ ojú irin lórí afárá, bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè tí ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ kí àwa tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ á wá dé. Ẹ̀yin kò mọ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ rò pé kí jẹnẹrétọ̀ kú ni. Èyí tí mò ń sọ, o lè gbọ́ odò láti inú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń rìn jẹ́jẹ́ tirẹ̀ lọ, bí ẹni tó ní ibì kan láti lọ tí kò sì kánjú.

Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn kan wá láti Èkó àti Abẹ́òkúta, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan wá láti Ìlọrin, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ní kéú. A kì í jà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn gbà pé àánú ni Ọlọ́run ṣe fún ẹnì kejì ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọ̀làjú. Ní Ẹgbẹ́ Ọ̀làjú, ẹni tó bá lè wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun nínú ooru tí kò sì họ ara, ọlọ́gbọ́n ni. Ìpàdé wọn máa ń gba gbogbo ọ̀sán Sunday, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, kí alága dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹlòmíràn sì dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dúpẹ́.

Alága náà ni Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù, ọ̀gá akọ̀wé. Ó máa ń yára rìn bí òyìnbó, kódà nígbà tí kò bá níbi tó ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí fàráńdà mu tíì. Bí tíì bá tán nínú ìlú, á mu omi gbígbóná nínú ife tíì, á sì na ìka kékeré síta bákan náà. Kò tíì dé Lọ́ńdọ̀nù rí, ó sì ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ láìtọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Ẹ̀bùn lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù sì ti dìde ní ìpàdé, ó sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un: ẹni tí kò bá tíì dé òkè òkun kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn òun nítorí ọmọ yẹn.

Èmi ńkọ́? Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti pátákó kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo kọ sára pátákó náà ni TÉLỌ̀ LỌ́ŃDỌ̀NÙ. Ibi tó jìnnà jù tí mo ti dé láyé ni Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀bùn máa ń gbé kóòtù bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Bọ́tìnnì kóòtù yẹn máa ń já ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo gbà pé bọ́tìnnì burúkú ni, títí mo fi rí i pé wọ́n fi abẹ gé òwú rẹ̀.

Ó ní, "Télọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́tìnnì tún já. Ṣé bó ṣe máa ń já ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn?"

Mo ní, "Bọ́tìnnì kì í já ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Ẹ lọ sọ fún ẹni tó kọ pátákó yín."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo odò. Ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ́ òfin, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí tábìlì pálọ̀ wọn. Èmi náà mọ fọ́tò yẹn. Nígbàkigbà tí mo bá lọ wọn aṣọ fún Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù, ẹni inú rẹ̀ máa ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n dìde fún òun.

Ẹ̀bùn ní, "Wọ́n ní ó ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Fọ́tò ò lè fẹ́ mi, àmọ́ Bàbá lè fi mí fún fọ́tò. Wá nǹkan ṣe."

"Ṣé kí n lọ sí òkè òkun kí ọdún tó parí ni?"

"Bó o bá ti kọ ọ́ sára pátákó," ó ní, "o ti rin ìdajì ọ̀nà."

Ẹ̀bùn nìyẹn, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Màmá àgbà. Ẹ má rò pé ọjọ́ ogbó ló mú ẹnu rẹ̀ mú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n mú Gíríìkì náà wá. Kósítà ló ń jẹ́. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Òórùn búrẹ́dì rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù lè mú kí olówò gbàgbé ibi tó ń lọ. Àwọn òyìnbó ìjọba kì í pè é sí kílọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní òyìnbó tirẹ̀ kò pé. Àwa náà kò mọ ibi tí a ó fi í sí. Kátíkíìsì wa nìkan ló ń tẹrí ba fún un, nítorí ó gbà pé ọ̀kan nínú àwọn Hélénì inú Bíbélì ni, àti pé Pọ́ọ̀lù mímọ́ mọ ìdílé wọn. Haúsá ni Kósítà fi ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, Haúsá tó dùn tó sì wọ́, bí ìgbà tó ń po ìyẹ̀fun.

Erékùṣù ni wọ́n bí i sí, nínú òkun ilẹ̀ wọn. Ó sì ti pẹ́ tó ti kúrò níbẹ̀. Ní ìhà òkè odò Kaduna, tí o bá ti kọjá afárá rélùwéè lọ dáadáa, àpáta ńlá kan wà láàárín omi, igi kan wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń du àpáta náà àyàfi ọ̀nì, tí wọ́n máa ń gòkè wá yá oòrùn ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kósítà kọ́ yàrá kan síbẹ̀. Ó fi ẹfun kùn ún funfun báláú, ó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù. Ó kó ewúrẹ́ méjì lọ. Ó gbin èso àjàrà, ó kú. Ó tún un gbìn, ó tún kú. Ó so irin rélùwéè kọ́ igi bí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dọọdún ni odò máa ń kún bo ẹsẹ̀ ilé náà, tí òjò á fọ ẹfun àti ọ̀dà dànù, lọ́dọọdún náà ni Kósítà sì máa ń gbé bùrọ́ọ̀ṣì padà lọ. Mo bi í rí pé kí ló dé tí kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun kò bá kùn ún, báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ ọ́n tí òun bá rí i láti òkèèrè?

Ní oṣù kẹjọ, tí odò bá kún bámúbámú, ìlú wọn máa ń ṣe ọdún Màríà ìyá Jésù. Ọjọ́ yẹn ni Kósítà ń lọ sí erékùṣù rẹ̀. Ọkọ̀ ọpọ́n lè gbé ọ débẹ̀ láti etí odò kí ẹ̀pà ọwọ́ rẹ tó tán, àmọ́ kò jẹ́ wọ ọkọ̀ ọpọ́n. Ó kan ọkọ̀ onígbòkun kan fúnra rẹ̀. Á fi ẹ̀yìn sí erékùṣù náà, á lọ jìnnà réré, á tẹ̀ sí ọ̀tún, á tẹ̀ sí òsì, títí ìlú á fi pòórá, lẹ́yìn náà ni á wá yí padà, kí ilé funfun náà lè yọ sí i díẹ̀díẹ̀ láti orí omi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń délé ní ìlú òun.

Èmi ni mo rán ìgbòkun rẹ̀ tuntun lọ́dún yẹn, láti ara kánfáàsì àgọ́ ṣọ́jà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn bí ìṣó, mo ń fi ìda oyin pa òwú kí omi má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ń rán an ni ọgbọ́n náà sọ sí mi lórí. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ Gíríìkì ni àpáta Kósítà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń débẹ̀. Èdè àjèjì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, oúnjẹ àjèjì ni wọ́n ń jẹ. Bí ìyẹn kì í bá ṣe òkè òkun, kí ni òkè òkun?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ẹgbẹ́ Ọ̀làjú. Ẹ wo àríyànjiyàn! Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní òkun ni wọ́n sọ, ẹnikẹ́ni kò sọ odò. Akápò ní níbo ni omi odò ń dà sí bí kò ṣe òkun? Wọ́n fi Sunday kan jiyàn lórí ìyẹn, wọ́n mu tíì, wọ́n tún fi òmíràn jiyàn. Níkẹyìn wọ́n ránṣẹ́ pe Àlùfáà Sàlíù, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ létí ọjà, pé kó wá fi ọgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ dá sí i. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí, ó ní, "Bí omi bá wà láàárín, òkè omi ni. Bí ẹni tó débẹ̀ bá padà wá yàtọ̀, òkè òkun ni. Ẹ lọ wò ó."

Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù dìde. Ó ní òun fúnra òun yóò bá télọ̀ lọ. Bí òun bá fi ojú ara òun rí i pé òkè òkun ni, òun yóò gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí télọ̀ má ṣe tún gba ẹ̀gbẹ́ ilé òun kọjá láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ alága.

Ẹ̀bùn gbọ́, ó sáré wá. Ó ní, "O ti ṣe é! Kíyè sí i o. Bàbá mi bẹ̀rù omi bí ológbò. Bí omi bá fi lè kàn án lára báyìí, ìwọ àti èmi ti parí."

Ní ọjọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ́ wá sí etí odò láti sìn wá bí wọ́n ṣe ń sin ẹni tó ń lọ wọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù wọ kóòtù onírun àgùntàn, èyí tó nípọn jù lọ, nítorí ó ti kà á pé òtútù máa ń mú lójú omi. Èmi ni mo rán an. Àlùfáà Sàlíù wé láwàní tuntun, nítorí wọ́n ní kí òun náà wá ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n gbàdúrà ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n gbàdúrà ti Mùsùlùmí, wọ́n kọ orin, akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ ìdágbére. Kósítà dúró nínú ọkọ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tó kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ ti lọ. A jókòó sínú ọkọ̀, àwọn ènìyàn ń fi áńkáṣíìfù juwọ́ sí wa, àwa náà ń fi tiwa juwọ́ sí wọn, ọkọ̀ kò sún ní ìka kan. Ó pẹ́ tí a fi ń dágbére fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ padà. Ìgbòkun mi mí sínú, ó wú, gbogbo ojú rírán rẹ̀ na tán, kò sí èyí tó já. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí àjẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń làágùn, síbẹ̀ a ń lọ. Afárá kéré lẹ́yìn wa, ó dà bí ohun tí ọmọdé fi igi tò. Òórùn búrẹ́dì lọ, ariwo ìlú lọ. Ó ku omi tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ pákó. Àlùfáà Sàlíù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tẹ̀síbà rẹ̀. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù, ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

Ọkọ̀ onígbòkun ní òfin kan. Nígbà tó bá fẹ́ yí, àwọn tó jókòó gbọ́dọ̀ yára bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó má baà dojú dé. Kósítà á kígbe pé, "Ku koma can!" A ó sì fò lọ sí òdìkejì. Nígbà tí a kọ́kọ́ yí, ẹ̀rù mú kí a ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà kejì náà, a ṣe é. Àmọ́ kí a tó yí ìgbẹ̀yìn, ilé funfun náà yọ. Ó dúró lórí omi láìkan ohunkóhun, ilẹ̀kùn búlúù rẹ̀ dojú kọ wá. Kò sí Kaduna mọ́. Ara wá tù wá. Ìgbà tí ara sì ti tu ọmọ Yorùbá ló máa ń rántí ìwà ọmọlúàbí.

Kósítà kígbe. Èmi ni mo wà nítòsí àyè, àmọ́ báwo ni mo ṣe lè kọjá níwájú ẹni tí mo fẹ́ kó di àna mi? Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù kọjú sí Àlùfáà. "Àlùfáà, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

Àlùfáà ní, "Àgbẹdọ̀! Ẹ̀yin ni alága."

"Rárá o, ẹ̀yin ni ẹni Ọlọ́run."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀."

"Ku koma can!" Kósítà ń kígbe. "Ku koma!"

Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù gbà láti dìde. Bó ṣe kọjá níwájú mi, ara mi ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré: mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ nínú ọkọ̀. Ó kọsẹ̀ lára mi. Ó ṣubú lu Àlùfáà, Àlùfáà di ìgbòkun mú, odò Kaduna sì dìde wá pàdé gbogbo wa.

Nígbà tí mo yọrí, mo rí àkẹtẹ̀ òyìnbó Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù tó ń bá odò lọ sí ilẹ̀ Nupe láìwẹ̀yìn. Omi kò kọjá àyà níbẹ̀, a ti sún mọ́ àpáta tán. Àmọ́ gbogbo wa rántí ọ̀nì lẹ́ẹ̀kan náà, a sáré dé ẹsẹ̀ àpáta. Ẹni kan ṣoṣo ló lè gba ojú àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ gòkè, Àlùfáà," ni Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù wí, tó ń gbọ̀n.

"Kí n ṣáájú alága? Láéláé."

Kósítà ló di wọ́n mú lẹ́yìn ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tì wọ́n gòkè. Mo ṣe ìkẹyìn. Kò sí ohun tí mo ń rò ju ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùn lọ. Omi kò kan bàbá rẹ̀ lára lásán, ó ti wọ inú etí rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta yẹn. A bọ́ aṣọ, a sá a sórí òkúta. Kósítà tú ìgbòkun náà, ó fún un gbẹ, ó sì fi wé Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù láti ejìká dé ẹsẹ̀. Ó fi aṣọ tábìlì wé Àlùfáà. Ó lu irin rẹ̀ tó so kọ́ igi, ìró náà lọ lórí omi kò sì padà. Ó gbé búrẹ́dì jáde, àti ẹja, àti wàrà ewúrẹ́, àti èso dúdú kan báyìí láti inú agolo. Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù fi ọ̀kan sẹ́nu, ó fajú ro.

Ó ní, "Ó korò. Ó sì tún níyọ̀."

Dídùn ni mo ti ń gbàdúrà pé kó dùn. Mo wolẹ̀.

"Kò sí ohun tó rí báyìí nílé," ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó mú òmíràn.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Kósítà kọrin ìlú wọn, ó gbé ọwọ́ lé Àlùfáà léjìká, Àlùfáà gbé ọwọ́ lé Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù léjìká, a sì ń yí po lórí àpáta náà díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ méjì ń wò wá. Kò sí ẹni tó bèèrè ta ni yóò ṣáájú. Ijó náà kò ní iwájú.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù jókòó tì mí. Kò sọ èdè òyìnbó kankan mọ́. Ohùn Ìsàlẹ̀ Èkó ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró sí Màrínà wo ọkọ̀ tó ń lọ. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Kò sí èyí tó mọ tèmi." Ó fọwọ́ pa ìgbòkun tó wà lára rẹ̀. "Ìwọ lo rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó bá mi mu ju kóòtù lọ."

Mo ti rí kóòtù náà lórí òkúta níbi tí oòrùn ti ń pa á, mo sì mọ ohun tí omi àti oòrùn ń ṣe sí irun àgùntàn.

Ọkọ̀ Kósítà kò bàjẹ́. A jẹ́ kí odò gbé wa bọ̀ wálé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ wà létí omi, Ẹ̀bùn wà níwájú wọn, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Apá kóòtù rẹ̀ dúró sí ìgbọ̀nwọ́. Ṣòkòtò rẹ̀ dúró sí agbede méjì ojúgun. Kò sí àkẹtẹ̀ lórí rẹ̀. Mo wo Ẹ̀bùn, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀ láti... láti ibi tí ẹ lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ẹgbẹ́. Ó wo ọwọ́ kóòtù rẹ̀. Ó wẹ̀yìn wo odò, mo sì rí i pé ó ń wá ilé funfun náà.

"Òtútù òkè òkun yẹn pọ̀," ni ó wí. "Gbogbo aṣọ ẹni ló ń súnkì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlùfáà Sàlíù jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, òtútù náà kò ṣe é fẹnu sọ. A ṣe ìgbéyàwó wa kí ọdún tó parí. Ọ̀gbẹ́ni Wílíàmù fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ òfin náà kúrò lórí tábìlì.

Láti ìgbà náà, Kósítà ń gbé èmi àti Ẹ̀bùn lọ ní gbogbo oṣù kẹjọ. Ẹ̀bùn máa ń bá a di agolo ọ̀dà mú tó bá ń kun ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ogun àgbáyé dé. Ọ̀tá gba erékùṣù Kósítà, ìyẹn èyí tó wà nínú òkun. Lẹ́tà kò wá mọ́. Kánfáàsì di ti ṣọ́jà nìkan, ọ̀dà di ohun tí owó kò lè rà. Odò kún, ó fọ ilé náà, kò sì sí ohun tí a ó fi kùn ún. Kósítà ṣì ń lọ, ọkọ̀ ọpọ́n ló ń wọ̀ báyìí, á jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó ti di igi lásán. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun kò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀hún ni òun ń rántí nígbà tí òun bá wà níbí, tàbí ibí ni òun ń rántí.

Nígbà tí ogun parí, ó ta ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì rẹ̀, ó ń lọ wo ẹni tó kù. A sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹgbẹ́ Ọ̀làjú fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìdágbére, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Ẹ̀bùn sún mọ́ fèrèsé. Ó ní, "Ọ̀gá Kósítà, ta ni yóò kun ilé?"

Kósítà yọ orí síta. Ó ní, "Èmi ni. Bí mo bá ti délé, màá kùn ún."

Èmi rò pé kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa ni. A kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Yàrá náà wó ní ọdún kan tí odò kún jù. Àpáta ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn máa ń so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn, ẹ̀yin náà sì ń gba orí afárá kọjá nínú mọ́tò lójoojúmọ́, tí ẹ ń pariwo fún dírẹ́bà pé kó yára.

Àbí mo ń parọ́, Dúpẹ́? Ó dáa. Lọ pe Màmá àgbà nínú yàrá. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ rọra, ẹ fún un láyè. Ẹ̀bùn, jókòó síbí. Gba fọ́tò yìí, wò ó, kí o sọ ohun tó o rí fún àwọn ọmọ yìí.

...

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó fi ìka kan pa ilẹ̀kùn búlúù inú fọ́tò náà lára, ó gbé fọ́tò sún mọ́ ojú, ó sì ní:

"Ó kùn ún. Mo sọ fún ọ níjọ́ yẹn pé yóò kùn ún."